Òótọ́ àbí irọ́: Ṣé iṣẹ́ rere la fi ń ra ìgbàlà?

Níbi ìsìnkú, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn pé Bàbá ti wọ ìjọba ọ̀run, torí wọ́n láàánú, wọ́n sì ń dáwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. N kò ní bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jiyàn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá yá, tí ara bá ti rọlẹ̀, ó yẹ ká béèrè bóyá ohun tí ìgbàgbọ́ Kristẹni fi kọ́ni nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ ọkàn èèyàn ni.

"Ọlọ́run á gbé iṣẹ́ rere àti búburú wa sórí òṣùwọ̀n, èyí tó bá wúwo jù ló máa sọ ibi tí à ń lọ."

Irọ́. Nínú Éfésù orí 2, Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀ pé ẹ̀bùn ni ìgbàlà, pé ìgbàgbọ́ la fi ń gbà á, pé kò sí ẹni tó lè fi iṣẹ́ ara rẹ̀ yangàn níbẹ̀. Ọ̀daràn tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù lórí àgbélébùú kò rí àyè ṣe ìrìbọmi, kò san ìdámẹ́wàá, kò ráyè tún ìwà ṣe. Ó ké pe Jésù, Jésù sì ṣèlérí Párádísè fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Lóòótọ́, Bíbélì sọ pé a ó ṣèdájọ́ oníkálukú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rí ni iṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe owó.

"Martin Luther ló dá ẹ̀kọ́ oore-ọ̀fẹ́ sílẹ̀."

Irọ́. Ọdún 1517 ni Luther gbé kókó ọ̀rọ̀ 95 rẹ̀ jáde ní Wittenberg, nílẹ̀ Jámánì. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú ìgbà náà tí Augustine, ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ti ń bá Pelagius, olùkọ́ tó gbára lé agbára èèyàn fúnra rẹ̀, jà lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Lọ́dún 529, ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó jókòó ní Orange, nílẹ̀ Faransé, sọ pé kódà ìbẹ̀rẹ̀ ìgbàgbọ́ nínú ọkàn èèyàn, Ọlọ́run ló ń fúnni. Ohun tí Luther ṣe ni pé ó gbé ẹ̀kọ́ náà sí ojú ọpọ́n padà nígbà tí oníwàásù kan, Johann Tetzel, ń ta ìwé ìdáríjì káàkiri.

"Pọ́ọ̀lù àti Jákọ́bù ta ko ara wọn."

Irọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò bá ẹni tó rò bẹ́ẹ̀ wí. Pọ́ọ̀lù ní a dá èèyàn láre nípa ìgbàgbọ́ láìsí iṣẹ́ òfin. Jákọ́bù orí 2 ní kì í ṣe nípa ìgbàgbọ́ nìkan. Luther fúnra rẹ̀ fojú kéré ìwé Jákọ́bù nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó kọ lọ́dún 1522, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá wí. Àwọn kan ń dààmú àwọn onígbàgbọ́ tuntun ní Gálátíà pé bí wọn kò bá kọlà, wọn kò tíì pé; àwọn ni Pọ́ọ̀lù ń dá lóhùn. Ẹni tí Jákọ́bù ní tirẹ̀ ń bá wí ni ẹni tó rí arákùnrin rẹ̀ tí kò láṣọ, tí kò rí oúnjẹ jẹ, tó wá kí i pé ó dàbọ̀, tí kò fún un ní nǹkan kan. Irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní àwọn ẹ̀mí èṣù náà ní in, wọ́n tiẹ̀ ń wárìrì.

Àwọn méjèèjì ló sì pe Ábúráhámù ní ẹlẹ́rìí. Jẹ́nẹ́sísì orí 15 ni Ọlọ́run ti ka ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí òdodo. Orí 17 ni ìkọlà dé, ìyẹn ni Pọ́ọ̀lù fi ní kì í ṣe ìkọlà ló sọ ọ́ di olódodo. Orí 22 ló mú Ísáákì lọ sórí pẹpẹ, ibẹ̀ ni Jákọ́bù dúró lé. Nígbà tí Ọlọ́run ka Ábúráhámù sí olódodo, wọn kò tíì bí Ísáákì rárá! Ìgbàgbọ́ orí 15 ló so èso ní orí 22. Ọmọ kì í san owó ilé ní ilé bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ọmọ gidi a máa gbálẹ̀ ibẹ̀.

"Bó bá jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, a lè máa ṣe bó ṣe wù wá."

Irọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú Pọ́ọ̀lù, ó sì fèsì nínú Róòmù orí 6 pé rárá o. Dietrich Bonhoeffer, pásítọ̀ ìjọ Luther, kọ ìwé lọ́dún 1937 láti bá àwọn tó sọ oore-ọ̀fẹ́ di yẹpẹrẹ wí. Òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣe bó ṣe wù ú: ìjọba Hitler yẹgi fún un lọ́dún 1945 torí ó ta kò wọ́n.

"Ìjọ Àgùdà ń kọ́ni pé iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ló ń gbà á là."

Irọ́. Ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ náà tó jókòó ní Trent, lọ́dún 1547, dá ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ní Augsburg, lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1999, Ìjọ Àgùdà àti àwọn ìjọ Luther fọwọ́ síwèé pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nípa ìgbàgbọ́ nínú Kristi, ni Ọlọ́run fi ń gbà wá, kì í ṣe ẹ̀tọ́ wa. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dara pọ̀ lọ́dún 2006. Ìyàtọ̀ ṣì wà láàárín wọn, àmọ́ kì í ṣe èyí tí a ń gbé kiri láti fi bú ara wa.

"Ọrẹ ńlá lè ṣílẹ̀kùn ìgbàlà."

Irọ́ pátápátá, èyí ló sì ń dùn mí jù. Símónì oníṣẹ́ oṣó gbé owó wá bá Pétérù kí ó lè ra ẹ̀bùn Ọlọ́run. Pétérù ní kí òun àti owó rẹ̀ ṣègbé. Ọrẹ dára: ó ń tọ́jú aláìní, ó ń gbé iṣẹ́ ìjọ ró. Àmọ́ ìyá oníṣòwò kékeré kan wà tó ń sunkún lóru pé Ọlọ́run kò ní gba òun torí òun kò rí owó "irúgbìn" tí wọ́n dárúkọ lórí pẹpẹ. Ìyá mi, ohun tí àwọn tó dárúkọ owó yẹn kò fún yín ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣí Róòmù orí 3 àti orí 4, kí ẹ kà á fúnra yín. Samuel Ajayi Crowther ti túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde láti ọdún 1850. Ẹ kò ní rí iye owó kankan níbẹ̀.