Ọkọ̀ Tí Ń Kú Tí Ó Sì Ń Jí

Micra àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń kó àwọn aláte ẹ̀fọ́ láti ìhà Mọníyà wọ ọjà Bódìjà. Iná bátìrì ni ó ń yí pọ́ǹpù epo rẹ̀ nínú táǹkì. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú lọ́sàn-án gangan, tí ó sì tún jí nígbà tí ó tutù, pọ́ǹpù ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rù. Awakọ̀ á ra òmíràn; kò pẹ́, ọkọ̀ á tún dákú, ẹ̀fọ́ á sì rọ lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí ó bá kú gan-an ni kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ tí ó ti jí kì í jẹ́wọ́. Kí a ṣí kọ́kọ́rọ́ láì ta ẹ́ńjìnnì: pọ́ǹpù tí ó ń gba iná yóò kùn díẹ̀ lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Bí kò bá kùn, tí kò sì sí òórùn epo níbẹ̀, kí rewáyà so gílóòbù kan mọ́ ẹnu wáyà pọ́ǹpù, kí ẹlòmíràn tún ṣí kọ́kọ́rọ́. Bí gílóòbù bá tàn rekete, pọ́ǹpù ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá tàn bàìbàì, wáyà kan ti dípẹtà. Bí kò bá tàn rárá, fíùsì tàbí rílè ni kí a lọ bá. Òjé inú rílè a máa sán: ooru á yà á, ìtutù á tún pa á pọ̀. Honda àwọn ọdún 1990 gbajúmọ̀ fún èyí. Jíjó òjé náà padà kò tó owó pọ́ǹpù rárá.