Ojúlówó Ni Àbí Ayédèrú? Ọ̀rọ̀ Camaro Ọdún 1969

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí lè ya àwọn kan lẹ́nu. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kòkó. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni, mọ́tò àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ óò rí i pé owó ẹgbẹ́ wà ńbẹ̀.

Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa yá owó láti fi kọ́lé. Ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀, búlọ́ọ̀kù sì ti dé ojú fèrèsé. Àdéhùn tí wọ́n ṣe níwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀yáwó ni pé ọmọ wọn tó wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, yóò máa fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù kí gbèsè náà lè tètè tán. Àfi bí ọmọ ṣe pe bàbá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Bàá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dá owó ilé dúró fún ọdún kan. Mo ti rí mọ́tò kan." Bàbá ní, "Mọ́tò kẹ̀? Èyí tí ò ń gùn ńkọ́?" Ọmọ ní eléyìí kì í ṣe mọ́tò gígùn lásán, pé Chevrolet Camaro Z/28 ti ọdún 1969 ni, owó irú rẹ̀ kì í sì í wálẹ̀. Ó ní bí òun bá tọ́jú rẹ̀ fún ọdún díẹ̀ tí òun sì tà á, èrè orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ilé náà parí.

Bàbá gbé ọ̀rọ̀ wá sí ìpàdé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú. Alága ní kí a wádìí ná kí ẹnikẹ́ni tó dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi. A wádìí, ohun tí a rí nìyí.

Ní nǹkan bí ọdún 1964 ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnnì ńláńlá sínú ọkọ̀ tí kò tóbi púpọ̀, tí wọ́n sì ń tà á ní iye tí ọ̀dọ́ tó ń gba owó oṣù lè san. Pontiac GTO ti 1964 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́bí wọn. Chevelle SS, Plymouth 'Cuda, Dodge Charger àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tẹ̀ lé e. "Muscle car" ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Àwa óò pè wọ́n ní ọkọ̀ abarapá. Nígbà tí àwa níhìn-ín ń gun Pijó 404 àti mọ́tò ìjàpá, tiwọn ni wọ́n fi ń bára wọn sáré ní títì. Kò pẹ́ tó fi tán. Òfin èéfín tó dé ní 1970, owó ìńṣọ́ránsì tó ń gun òkè, àti epo tó wọ́n gógó láti 1973 ló pa wọ́n. Èyí tó kù láyé kò lè pọ̀ sí i mọ́.

Nítorí náà ọmọ náà kò purọ́. Ẹ gbọ́ èyí. Mustang kan wà tí wọ́n lò nínú fíìmù Bullitt ti ọdún 1968, èyí tí Steve McQueen ṣe. Ìdílé kan ra ọkọ̀ náà ní 6,000 dọ́là ní 1974. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Florida, iye tí ẹni tó rà á san lápapọ̀ sì jẹ́ 3,740,000 dọ́là. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kun ọkọ̀ náà ní ọ̀dà tuntun o! Ara rẹ̀ ti gbó, ó ti dógùn-ún níbi púpọ̀. Kí wá ni wọ́n ń ra? Ẹ̀rí ni. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà ni 8R02S125559. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò sọ fún yín pé 8 ni ọdún 1968, R ni ilé iṣẹ́ Ford ní San Jose, 02 ni irú ara ọkọ̀, S ni ẹ́ńjìnnì 390, èyí tó kù sì ni ipò tó wà lórí ìlà. Ọ̀kan nínú Mustang méjì tí wọ́n rà fún fíìmù náà ni, nọ́ńbà àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé ara wọn. Ní 1977, McQueen fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ìdílé náà pé òun fẹ́ ra mọ́tò òun padà. Wọn kò tà á fún un, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú lẹ́tà náà. Ta ló tún lè jiyàn?

Ibi tí ọ̀ràn wà nìyí. Níhìn-ín, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, a óò lọ sí Ládípọ̀ lọ ra tòkúnbọ̀ mìíràn, makáníìkì á gbé e wọlé, ọkọ̀ náà ṣì ni ọkọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó ọkọ̀ abarapá jọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ jẹ́ èyí tó bá a jáde ní ilé iṣẹ́ gan-an. Bí ó bá ti kúrò, owó ńlá ti kúrò lórí rẹ̀. Z/28 kì í sì í ṣe ọkọ̀ ọ̀tọ̀. Camaro ni, tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní kí wọ́n fi àwọn nǹkan kan kún un. 20,302 péré ni wọ́n ṣe ní ọdún 1969, nígbà tí Camaro lásán pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó bá ní Camaro lásán lè wá ẹ́ńjìnnì, kó fa ìlà méjì náà sí i lórí, kó lẹ Z/28 mọ́ ọn. Bí ó bá sọ fún oníbàárà pé àdàkọ ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwa mìíràn tilẹ̀ fẹ́ràn àdàkọ, torí a lè gùn ún láìbẹ̀rù òjò. Ẹni tó bá tà á ní iye ojúlówó ló jalè.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Nọ́ńbà olójú 17 tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, 1981 ló bẹ̀rẹ̀. Ti Camaro 1969 jẹ́ ojú 13, ó sì wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀, ẹ óò rí i láti inú gíláàsì. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 124, ẹ́ńjìnnì V8 ló bá jáde. Bí ó bá jẹ́ 123, sìlíńdà mẹ́fà ni, ẹ máa bá tiyín lọ, kì í ṣe Z/28. Ṣùgbọ́n 124 kò sọ pé Z/28 ni o. Ẹ ní láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Níwájú ẹ́ńjìnnì, ní apá ọ̀tún, ibì kan wà tó tẹ́ pẹrẹsẹ tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí: V fún ilé iṣẹ́ Flint, oṣù àti ọjọ́ tí wọ́n tò ó, àti DZ, tí í ṣe àmì ẹ́ńjìnnì 302 ti Z/28 ọdún náà. Díẹ̀ nínú nọ́ńbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a fi ẹ̀rọ ha ti àtijọ́ kúrò, wọn a tẹ tuntun. Ṣùgbọ́n irin tí ilé iṣẹ́ gé máa ń ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tó tò lọ gbọọrọ. Bí wọ́n bá ti ha á, ìlà náà ti lọ nìyẹn.

Ó tún ku páànù kékeré tó wà lára irin tó ya ibi ẹ́ńjìnnì sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ awakọ̀. Ó ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́ ara ọkọ̀: 03C ni ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹta. Láti oṣù kejìlá 1968, ilé iṣẹ́ Norwood ní Ohio ń kọ X33 tàbí X77 sí ti Z/28. Àwọn kan sì ń ṣe irú páànù bẹ́ẹ̀ tà lónìí. Nítorí náà ìwé ni àgbà: ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi to ọkọ̀, tó máa ń há sábẹ́ àga tàbí sórí táǹkì epo, àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní Protect-O-Plate, tó máa ń wà nínú ìwé gàràǹtì.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú mìíràn, ti Ford rọrùn jù, torí Marti Auto Works ní àkọsílẹ̀ ọkọ̀ tí Ford ṣe láti 1967. PHS náà ní ti Pontiac. Ti Chrysler, ẹ wo lẹ́tà karùn-ún nínú nọ́ńbà: R ni Hemi 426 ní 1970 àti 1971. Chevrolet ló ṣòro. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Kánádà ni GM ti ibẹ̀ tọ́jú ìwé wọn, ti Amẹ́ríkà kò ní irú rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ti yọ nọ́ńbà orí dáṣíbọ́ọ̀dù pààrọ̀, ẹ sá. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn kà á sí ẹ̀ṣẹ̀, ọlọ́pàá sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

A kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Ó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, ó sanwó fún un, wọ́n jọ lọ yẹ Camaro wò. Nọ́ńbà dáṣíbọ́ọ̀dù dára, ó bá èyí tí wọ́n tẹ̀ pamọ́ sára ọkọ̀ mu. Páànù ní 03C àti X77, ṣùgbọ́n ó ń dán bí ìkòkò tuntun. Níwájú ẹ́ńjìnnì, wọ́n kà V0303DZ, ojú irin náà sì ń yọ̀ gbẹ̀rẹ́, kò sí ìlà kankan. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀, ó tan iná sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, níbi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ́ irin náà sí. Ó rí E 9 9. E ni oṣù karùn-ún, ọjọ́ kẹsàn-án, ọdún 1969. Báwo ni wọ́n ṣe to ẹ́ńjìnnì tán ní oṣù kẹta, nígbà tí wọn kò tíì yọ́ irin rẹ̀ títí di oṣù karùn-ún?

Ẹni tó ń tà á ní iná ti jó ìwé rẹ̀. Ọmọ ní òun á san iye Camaro lásán. Ó ní kó máa lọ.

Owó oṣù yẹn dé síbí ní ọjọ́ kẹta, bàbá sì ti ra pákó. Ṣùgbọ́n ọmọ ní òun kò tíì jáwọ́. GTO kan wà ní Dallas tó ní ìwé PHS. Ìgbìmọ̀ pín sí méjì: àwọn kan ní owó rẹ̀ ni, àwọn kan ní àdéhùn ni àdéhùn. Lójú tiwa, kí ilé rí òrùlé ná. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ètò ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Kí ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun jọ̀wọ́ tètè dé.