Owó Àtijọ́ Tí A Kọ̀, Tí A sì Tún Gbà

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé a ó pààrọ̀ owó bébà ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Àwọn ènìyàn kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì, ṣùgbọ́n tuntun kò tó láti fi dípò rẹ̀. Ní Òṣòdì, níbi tí a ti ń ka owó ọkọ̀ àti owó ata sí ọwọ́ ẹni, owó wà ní báńkì, ebi sì ń bẹ nílé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ fi owó ra owó. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jùlọ dá ti àtijọ́ padà; síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kò gbà á, àfi ìgbà tí Báńkì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 13. Ẹni tí ó ti tà á ní ọ̀pọ̀ kò rí èyí tí ó dín gbà.