Ìjì Tí Ń Ti Ọ̀dọ̀ Oòrùn Wá: Kí Ni Ó Lè Ṣe fún Ayé Wa?

Ọ̀rọ̀ oòrùn ni a mú tọ̀ yín wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti oòrùn tí a fi ń sá aṣọ àti èlùbọ́, tí a sì fi ń mọ àkókò ìrun nìkan, bí kò ṣe ti ohun tí oòrùn kan náà máa ń tú jáde láti ara rẹ̀, tí ó sì máa ń kọlu ayé bí ìjì nígbà mìíràn. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà yẹ ní sísọ ni pé, ó ti pẹ́ tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí orí òmíràn. Wọn a ní ìtànṣán olóró kan yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé ní alẹ́ òní, láti agogo méjìlá ààbọ̀ sí agogo mẹ́ta ààbọ̀, kí olúkúlùkù pa fóònù rẹ̀, kí ó má sì gbé e sí ìtòsí ibùsùn. Wọn a tún fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ìròyìn ńlá kan tì í lẹ́yìn kí ó lè wọ̀ wá létí. Irọ́ pátápátá ni. Ṣùgbọ́n ìjì oòrùn fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ẹni tí kò bá sì mọ òótọ́ inú rẹ̀ kò ní mọ èyí tí yóò kọ̀.

Nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà ni ó wà láàárín oòrùn àti ayé, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń lo ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó kàn wá lára. Oòrùn kì í ṣe òkúta tí ń jó, kì í sì í ṣe iná onígi. Afẹ́fẹ́ gbígbóná janjan ni, tí ooru ti sọ di ohun tí iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń yí po, àárín rẹ̀ sì ń yára yí ju òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, agbára òòfà tí ó wà nínú rẹ̀ a máa lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Níbi tí ó bá ti lọ́ jù, àmì dúdú a yọ lójú oòrùn, òmíràn nínú àwọn àmì yìí sì tóbi ju odindi ayé lọ. Bí òwú tí ó lọ́ náà bá já lójijì, ìmọ́lẹ̀ a kọ mànà, a sì dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ náà. Nígbà mìíràn, oòrùn a tún pọ díẹ̀ jáde lára rẹ̀, ẹrù tí ó tó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, pẹ̀lú òòfà tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹrù yìí a máa rin ọjọ́ kan sí mẹ́ta kí ó tó dé ibi tí a wà, bí ó bá tilẹ̀ kọjú sí wa, nítorí pé ibòmíràn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbà lọ.

Ayé náà ní òòfà tirẹ̀, òun ni abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ń tẹ̀ lé, òun sì ni odi tí ó yí wa ká. Bí òòfà tí ó ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá bá dojú kọ ti ayé ní òdì, odi náà a mì tìtì, agbára a sì rọ́ wọlé láti apá àríwá àti gúúsù. Nígbà náà ni ojú sánmà yóò máa tàn yòò lóru ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, ní pupa, ní àwọ̀ ewé àti ní àwọ̀ àlùkò.

Ọ̀kan nínú àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ó kọ irú ohun báyìí sílẹ̀ ni Ahmad ibn Fadlan. Ní ọdún 921, tí í ṣe ọdún 309 lẹ́yìn Hijira, Kalifa al-Muqtadir rán ikọ̀ kan láti Baghdad lọ sí ọ̀dọ̀ ọba àwọn Bulgar ní etí odò Volga, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Rọ́ṣíà lónìí. Ọdún 922 ni wọ́n tó débẹ̀. Ibn Fadlan kọ ọ́ pé òun rí ojú ọ̀run tí ó pọ́n bí iná, tí ìkùukùu inú rẹ̀ sì dà bí ènìyàn àti ẹṣin tí wọ́n di ìhámọ́ra ogun, tí ẹgbẹ́ kan ń kọlu èkejì. Ẹ̀rù ba àwọn àlejò náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà. Àwọn onílé sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bi ọba léèrè, ọba ní àwọn baba ńlá òun máa ń wí pé àwọn àlùjànnú onígbàgbọ́ ni ó ń bá àwọn àlùjànnú kèfèrí jà. Ìmọ́lẹ̀ òru apá àríwá yìí ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó rí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn náà ni pé ó bèèrè, ó gbọ́ ìdáhùn, ó sì kọ méjèèjì sílẹ̀ láìfi tirẹ̀ kún un.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọdún 1859. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Richard Carrington wà nínú ilé ìwòràwọ̀ rẹ̀ ní Redhill, kò jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ tí ó máa ń ṣe ni pé yóò fi awò ńlá gbé àwòrán oòrùn sórí pátákó, yóò sì fara balẹ̀ ya àwọn àmì dúdú tí ó bá rí. Ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ìmọ́lẹ̀ funfun méjì bù yẹ̀rì lórí àwọn àmì náà. Ó sáré jáde lọ pe ẹni tí yóò ṣe ẹlẹ́rìí. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi padà, ìmọ́lẹ̀ náà sì ti ń kú lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọkùnrin mìíràn, Richard Hodgson, rí i níbòmíràn lákòókò kan náà, nítorí pé ó ṣòro láti gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bí wákàtí mẹ́tàdínlógún ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìjì náà dé ayé. Sánmà pọ́n títí dé Cuba, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti wà lóko ẹrú ní ọdún náà. Àwọn awakùsà wúrà ní àwọn òkè Amẹ́ríkà jí lóru, wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí dáná oúnjẹ àárọ̀. Ní àkókò yẹn, wáyà tẹlígíráàfù nìkan ni ẹ̀rọ ńlá tí aráyé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Iná gbá àwọn òṣìṣẹ́ kan nídìí rẹ̀. Láàárín Boston àti Portland, àwọn òṣìṣẹ́ méjì yọ bátìrì wọn kúrò, iná tí ó ti òkè wá nìkan ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ síra wọn fún nǹkan bí wákàtí méjì. Títí di òní, ìjì ọdún 1859 ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn yòókù.

Bí òun kọ́ ni ó lágbára jù. Ní ọdún 2012, Fusa Miyake, onímọ̀ ará Japan, wo òrùka inú igi kédárì àtijọ́, ó sì rí i pé ẹ̀yà carbon kan tí ìtànṣán láti òkè máa ń dá sílẹ̀ pọ̀ lójijì láàárín ọdún 774 sí 775. Ìyẹn ni ọdún 157 sí 158 lẹ́yìn Hijira, ní àsìkò Kalifa al-Mansur tí ó tẹ Baghdad dó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé oòrùn ni ó fà á, agbára rẹ̀ sì ju ohunkóhun tí a ti fi ẹ̀rọ wọ̀n láyé òde òní lọ fíìfíì. Ayé kò parẹ́. Àwọn ènìyàn ń gbin ọkà wọn, wọ́n ń lọ sí Hajj wọn. Kò sí wáyà, kò sí sátẹ́láìtì, kò sí ohun tí ìjì náà ì bá bà jẹ́.

Níbẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ìjì oòrùn kì í pa ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ àti òòfà ayé dáàbò bò wá. Àwọn ohun tí a gbé ìgbésí ayé wa lé lórí ni ó ń kọlù. Bí òòfà ayé bá ń mì, iná a máa ṣàn fúnra rẹ̀ nínú wáyà gígùn. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 1989, ní agogo mẹ́ta òru ku díẹ̀, iná mànàmáná gbogbo ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà wó lulẹ̀ kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn wà nínú òkùnkùn fún nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án, nígbà òtútù. Àpáta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí iná gbà á kọjá dáadáa, nítorí náà inú wáyà ni iná náà gbà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003, ìjì mìíràn pa iná ní Malmö ní Sweden, ó sì ba àwọn tàǹsífọ́mà jẹ́ ní South Africa, nílẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín.

Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín pé, àwa tí a mọ òkùnkùn dunjú ńkọ́? Ẹ má di ẹ̀bi iná ìlú wa ru oòrùn o; ohun tí ń wó iná wa lulẹ̀ kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó kàn wá gan-an wà ní òkè orí wa. Láti nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sókè, ìpele kan wà tí oòrùn ti fún ní agbára mànàmáná, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ionosphere. Òun ni ó ń dá ìgbì rédíò padà sí ilẹ̀, èyí tí ó jẹ́ kí àwọn bàbá wa lè máa gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù lórí rédíò wọn láti abúlé. Ìlà ìdọ́gba òòfà ayé sì gba orí ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, ìpele náà kò sì fara rọ lábẹ́ ìlà yìí. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, láàárín Màgáríbà sí ọ̀gànjọ́ òru, ihò a máa dá lu sí inú rẹ̀ bí hóhò ọṣẹ, ìró láti sátẹ́láìtì a sì máa gbọ̀n. Ó máa ń pọ̀ jù ní ìwọ̀n oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, ní àwọn ọdún tí àmì dúdú bá pọ̀ lójú oòrùn. Ẹ̀rọ GPS a sì máa ṣìnà. Abájọ tí wọ́n fi ń wo ìpele yìí láti Yunifásítì Ìbàdàn láti àwọn ọdún 1950.

Nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni oòrùn fi ń gbóná tí ó fi tún ń rọ̀. Àyípo tí a wà nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ó sì ti fi ọwọ́ rẹ̀ hàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ SpaceX ta sátẹ́láìtì Starlink 49 sókè. Ìjì tí kò le rárá mú kí afẹ́fẹ́ òkè wú, ó fà wọ́n sẹ́yìn, nǹkan bí 40 nínú wọn sì já bọ́, wọ́n jóná. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ìjì tí ó le jù láti ọdún 2003 dé. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tí katakata wọn ń fi GPS ríran ní láti dá iṣẹ́ gbíngbìn dúró.

Àmọ́ ewu tí ó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ẹ̀rọ tí Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ ojú ọ̀run ní apá àríwá dí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ológun rò pé ìjọba Soviet ni ó mọ̀ọ́mọ̀ dí wọn, wọ́n sì ń múra àwọn bàlúù tí wọ́n kó bọ́ǹbù olóró sí. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wo oòrùn ni ó sọ fún wọn pé oòrùn ni, kì í ṣe ọ̀tá.

Ní ti íńtánẹ́ẹ̀tì, Sangeetha Abdu Jyothi ti Yunifásítì California ní Irvine kọ̀wé ní ọdún 2021 pé ìjì ńlá lè ba àwọn ẹ̀rọ inú wáyà abẹ́ òkun jẹ́, pé àwọn ilẹ̀ tí ó sún mọ́ àríwá ni ewu náà pọ̀ fún jù, kì í ṣe irú ilẹ̀ tiwa. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń pariwo pé íńtánẹ́ẹ̀tì yóò kú fún oṣù púpọ̀. Òun kò dá ọjọ́ kankan. Ẹ rántí oṣù Kẹta ọdún 2024 tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí bánkì àti fóònù fi wa sílẹ̀ ní Nàìjíríà: oòrùn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àmọ́ ó fi hàn wá bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ kárí ayé.

Àwọn sátẹ́láìtì kan dúró ní 1.5 mílíọ̀nù kìlómítà sí ayé, ní apá oòrùn, wọ́n ń ṣọ́nà. Ìkìlọ̀ tí wọ́n ń fúnni nípa ìjì tí ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn kì í sábà ju wákàtí kan lọ. South Africa sì ṣí ibùdó kan sílẹ̀ ní Hermanus ní ọdún 2022 tí ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru.

Àwọn kan yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ìjì oòrùn lè yí kọ́ńpáàsì tí a fi ń wá Kíbílà. Ó lè yí i díẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ àríwá. Níhìn-ín, irin tí ó wà nínú òpó mọ́ṣáláṣí àti gbohùngbohùn ń ṣì í lọ́nà ju oòrùn lọ. Oòrùn kan náà sì lè tọ́ yín sọ́nà láìsí ẹ̀rọ kankan. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún òwúrọ̀ ní aago Nàìjíríà, àti ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Keje, ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, oòrùn máa ń dúró gangan lórí Makkah. Bí ọdún bá jẹ́ èyí tí oṣù Kejì rẹ̀ ní ọjọ́ 29, ẹ fi ọjọ́ kan sẹ́yìn nínú méjèèjì. Ẹ ri igi tí ó tọ́ mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá yín; ẹ̀yìn òjìji rẹ̀ ni ẹ ó kọ sí, ẹ ó sì kọjú sí ibi tí oòrùn wà. Ibẹ̀ ni Kíbílà.