Ayùn Oníná: Ti Wáyà Ni Tàbí Ti Bátìrì?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, kí ẹ tó yá owó ra ayùn oníná, ẹ gbọ́ ná. Èyí tí abẹ rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, tí Milwaukee gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1951 pẹ̀lú orúkọ Sawzall, dùn ún lò jọjọ: igi tòun ti ìṣó inú ẹ̀, páìpù, ó ń gé e.

Ṣùgbọ́n bátìrì volt 18 tí wọ́n kọ 5Ah sí lára, wáàtì 90 fún wákàtí kan péré ló lè gbé. Bí iṣẹ́ bá le tó ń fa wáàtì 1,000, kò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀ lọ!

Ẹni tó ń tú òrùlé, bátìrì ló yẹ ẹ́. Wáyà á máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tó ní jẹnẹrétọ̀, kó ra ti wáyà, kò gbówó lórí tó ti bátìrì. Bátìrì máa ń darúgbó. Ẹ bèèrè iye tí òun nìkan jẹ́ kí ẹ tó buwọ́ lùwé ẹ̀yáwó.