Nígbà Tí Olùkọ́ Bá Sọ Pé Ọmọ Kò Gbọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa Yorùbá ń lò lójoojúmọ́, tí ó sì ti ṣi ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ́nà láìfura. Ọ̀rọ̀ náà ni "gbọ́". Ọmọ tí ohùn kò wọ̀ létí, a ní kò gbọ́. Ọmọ tí kò mọ èdè tí a fi ń kọ́ ọ, a ní kò gbọ́. Ọmọ tí ó ń ṣe oríkunkun, a ní kò gbọ́. Ọmọ tí ìwé kíkà ṣòro fún, olùkọ́ yóò ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀ pé ohun tí òun ń kọ́ ọ, kò gbọ́ ọ. Ẹjọ́ mẹ́rin ni a kó sábẹ́ orúkọ kan, ìdájọ́ kan náà ni a sì sábà máa ń dá fún gbogbo wọn: pàṣán, tàbí kí ọmọ náà tún kíláàsì kà.

Ní ilẹ̀ Yewa tiwa yìí, ọ̀rọ̀ náà tún díjú ju ti ibòmíràn lọ. Láti Ìdí-Ìrókò títí dé Ìlárá, ọmọ Ègùn, ọmọ Ọ̀họ̀rí, àti ọmọ tí ó ti fi èdè Faransé bẹ̀rẹ̀ ìwé lódìkejì ẹnubodè lè jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan. Olùkọ́ tí a kò kọ́ yóò rò pé orí ọmọ tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì kò pé. Olùkọ́ yìí kan náà yóò sì wo ọmọ tí etí ń dùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ní, "Èdè ni kò tíì yé e, yóò mọ̀ ọ́n bó bá yá." Èyí èkejì yìí ni ó burú jù, nítorí ọdún mẹ́ta lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bẹ etí náà wò.

Iṣẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó péye ni láti kọ́ olùkọ́ bí a ṣe ń tú ìdì yìí. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò dára a máa wo ẹnu olùkọ́, a máa yí etí kan síwájú. Ó lè ṣe dáadáa nínú iṣẹ́ tí a kọ sójú pátákó, kí ó sì kùnà pátápátá nínú àpèkọ. Ọmọ tí èdè nìkan jẹ́ ìṣòro fún kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ bá a sọ èdè ilé rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò là, yóò ṣírò, yóò sì pàlọ́ fún yín. Ọmọ mìíràn wà tí etí rẹ̀ pé, tí ó gbọ́ èdè, tí ó ń fi ẹnu dáhùn ìbéèrè bí agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ b sí ipò d, tí kíka ìlà kan ṣoṣo sì ń mú u làágùn. Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kì í ṣe àìgbọ́n, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, síbẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń pè ní olódo.

Púpọ̀ nínú ohun tí olùkọ́ yóò ṣe kò náni ní kọ́bọ̀. Kí ó kọjú sí kíláàsì nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, kí ó má ṣe máa bá pátákó sọ̀rọ̀. Kí ó kọ ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ kí ó tó ṣàlàyé rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí ọmọ tí kíkọ ṣòro fún fi ẹnu dáhùn, kí ó sì fún un ní àkókò díẹ̀ sí i. Àjọ WAEC pàápàá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ afọ́jú ní ìwé ìdánwò oní-bíréèlì àti àfikún àkókò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ó kan àwa àlùfáà. Àwọn ìyá a máa mú irú ọmọ báyìí wá fún àdúrà ìdáǹdè. Mo gbà nínú àdúrà, ṣùgbọ́n mo máa ń béèrè bóyá dókítà ti yẹ etí rẹ̀ wò. Nínú orí keje Ìhìnrere Máàkù, Olúwa wa kọ́kọ́ mú adití náà kúrò láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì fi ọwọ́ kan etí àti ahọ́n rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ni ó fi bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹnu, èyí tí adití lè lóye.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí Ìjọ Ọlọ́run ní Nàìjíríà. Àwọn oníṣẹ́ ìhìnrere ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri ní 1953. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìtàn rẹ̀ kan àwa ará ẹnubodè jù ni Andrew Foster, ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a bí ní Alabama ní 1925. Àrùn yírùnyírùn sọ ọ́ di adití nígbà tí ó di ọmọ ọdún 11. Ní 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití, Gallaudet. Ó dé ilẹ̀ Ghana ní 1957, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní oṣù Kejìlá 1987, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13.

Bí ó ti rí olùkọ́ fún gbogbo wọn ni ó yẹ kí a fiyè sí. Ó ń kó àwọn ènìyàn láti ilẹ̀ tí ń sọ Faransé wá sí Ìbàdàn, ó ń kọ́ wọn ní èdè àfọwọ́sọ àti bí a ṣe ń kọ́ni, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n tó padà sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ adití fúnra wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń lò ní Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu bá ti Ìbàdàn tan. Olùkọ́ Ìlarò àti olùkọ́ Àjàṣẹ́ lè wá ògbufọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Àwọn adití ìlú méjèèjì yóò ti máa bá ara wọn ṣeré.

Ẹ fi èyí wé sẹ́mínà ọlọ́jọ́ kan tí a ń ṣe ní hòtẹ́ẹ̀lì. A ó pín fáìlì àti bíìrò, a ó jẹun ọ̀sán, a ó ya fọ́tò, olùkọ́ yóò sì gba ìwé-ẹ̀rí lọ sílé. N kò rò pé ó ń yí ohunkóhun padà. Ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ èdè ọwọ́ tàbí bíréèlì ní ọjọ́ kan, kò sì sí ọmọ kankan níbẹ̀ tí olùkọ́ lè fi iṣẹ́ náà dánra wò, kí ọ̀jọ̀gbọ́n sì tọ́ ọ sọ́nà.

Òfin ti wà. Èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, tí ó dẹ́kun ìyàsọ́tọ̀ àwọn tí ó ní ìpèníjà ara, sọ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní, ó kéré tán, ẹnì kan tí a kọ́ fún ẹ̀kọ́ wọn. Ibi tí a ti ń kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Ọ̀yọ́ ti wà láti 1977, Yunifásítì Ìbàdàn sì ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹ̀mí ìdánwò nǹkan tuntun kò sì ṣàìsí ní agbègbè wa. Ayétòrò ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé Comprehensive High School sí ní 1963, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard, lórí èrò pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ kan náà ni ó bá gbogbo ọmọ mu.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ wa nínú ọdún àjọ̀dún yìí ni pé kí a rán olùkọ́ méjì lọ sí Ọ̀yọ́. Owó ẹ̀kọ́ wọn nìkan kọ́ ni ìnáwó náà. A ní láti san owó ẹni tí yóò di kíláàsì wọn mú, kí ẹrù náà má bàa wọ ọrùn àwọn olùkọ́ yòókù. Kí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn pé wọn yóò padà, àti pé wọn yóò máa bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jókòó fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n jọ yẹ ọ̀ràn ọmọ kan ṣoṣo wò.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ti ní yírùnyírùn rí, tàbí bí etí rẹ̀ bá ń ṣọyún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá mú un wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé a kò ní gbà á wọlé. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ gba ìlérí lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ní kíkọ sílẹ̀, pé a kò ní lé ọmọ kankan padà nítorí rẹ̀.