Súìṣì àti Sọ́kẹ́ẹ̀tì Inú Ilé

Nígbà tí ènìyàn bá ń kọ́lé, òrùlé, ilẹ̀kùn àti ọ̀dà ni ó máa ń gbà á lọ́kàn jù. Súìṣì tí a fi ń tan iná àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń ki pílọ́ọ̀gì bọ̀ kì í sábà wá sí ìrántí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá ta iná pàrà, tí ó sì rú èéfín. Ìgbà náà ni onílé yóò sáré lọ sí ọjà, tí yóò sì bá oríṣìíríṣìí lórí àtẹ: funfun, aláwọ̀ wúrà, onídẹ, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi. Èyí tí ó bá dán jù ni ọ̀pọ̀ máa ń mú, bẹ́ẹ̀ ni iná mànàmáná kì í wo dídán.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé ó tó pààrọ̀ kò fara sin. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń gbóná, bí ó bá ń rùn bí ike tí ń jóná, bí ojú rẹ̀ bá dúdú, bí pílọ́ọ̀gì kò bá dúró gírígírí nínú rẹ̀ mọ́, tàbí bí súìṣì bá ń dún bí ẹni ń dín ẹran, irin inú rẹ̀ ti dẹ̀ nìyẹn. Níbi tí irin kò bá ti fara kan irin dáadáa ni ooru ti ń wá, ooru yìí ni ó sì ń di iná tí ń jó ilé.

Agbára ni ó yẹ kí onílé kọ́kọ́ wò. Ní Nàìjíríà, fóòtì 230 ni ìwọ̀n iná inú ilé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 1947, kò gbà ju áḿpì 13 lọ. Bí a bá sọ 230 di ìlọ́po 13, 2,990 ni a ó rí. Nítorí náà, ohun tí ó bá ń jẹ ju bí wáàtì 3,000 lọ kì í ṣe ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù àti ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná a máa ní súìṣì áḿpì 20 tiwọn lọ́tọ̀.

Ihò òkè sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ní iṣẹ́ pàtàkì. Ẹsẹ̀ pílọ́ọ̀gì tí ó gùn jù ni ó ń wọ ibẹ̀, òun ni ó sì ń ṣí ìdérí kékeré tí ó bo ihò méjì ìsàlẹ̀, kí ọmọdé má baà ki ìṣó bọ̀ ọ́. Àwọn kan a máa fi ọmọ igi tàbí bírò ṣí i tipátipá kí pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé. Ìwà yìí ni ó ń ba ọ̀pọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ ṣáájú ọjọ́ wọn.

Èyí tí ó ní súìṣì tirẹ̀ àti iná pupa kékeré sàn ju èyí tí kò ní lọ, pàápàá ní ìlú tí iná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ nígbàkúùgbà. Ẹ wo obìnrin kan tí ó ń lọṣọ tí iná lọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé orí aṣọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí ọjà. Iná dé lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nílé. Ká ní ó ti pa súìṣì sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kí ó tó jáde ni, aṣọ kan kì bá tí jó, áḿbọ̀tórí ilé.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ojúlówó a máa wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, súìṣì rẹ̀ a sì dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmì. Idẹ ni ó yẹ kí irin tí ń gbé iná nínú rẹ̀ jẹ́, òòfà kì í sì í gbé idẹ. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin lásán tí wọ́n kùn ní àwọ̀ idẹ ni. Lára èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, àmì MANCAP ti àjọ SON ni kí a wá. Súìṣì àtẹ̀gùn, tí a ń tàn nísàlẹ̀ tí a ń pa lókè, yàtọ̀: ojú ibi tí wáyà ń wọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Onílé gbọ́dọ̀ sọ èyí fún ọlọ́jà.

Oníṣẹ́ iná ni kí ó pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa súìṣì ńlá ẹ̀gbẹ́ mítà àti jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú, tí ó sì ti fi tẹ́sítà wò ó pé iná kò sí nínú wáyà mọ́. Ní àwọn ilé àtijọ́ mìíràn, bí ó bá tú ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, wáyà méjì péré ni yóò bá, kò ní sí èyí tí ń gbé iná lọ sínú ilẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun nìkan kò tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí iná bá jò sí ara ẹ̀rọ amómitutù, ara ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ni yóò gbà lọ sílẹ̀, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fa wáyà ilẹ̀ wọ inú ògiri.